Iyèré Tí Bàbá Fi Sílẹ̀ fún Sosa

                                        Ilé Plathottam,
                                        Kattappana,
                                        Kẹ́rálà, Íńdíà.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ọ̀pẹ, 2022.

Sosa, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní ìlú òtútù yẹn? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́? Àwọn eku tí ẹ fi ń ṣe ìwádìí ńkọ́, ṣé ara wọn le? Rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n mò ń jowú wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí ọ, àwa kò fojú kàn ọ́ láti ọdún mẹ́fà.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká iyèré. Èmi nìkan ni mò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí ẹní báyìí kí èso lè bọ́ lára ṣírí. Nígbà tí a jọ ń tẹ̀ ẹ́, orin rẹ kì í jẹ́ kó rẹ̀ mí. Àárò rẹ sọ mí gan-an lánàá débi pé mo jókòó sórí ẹní náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ló mú mi gbé bírò. O rántí fídíò tí o fi ránṣẹ́ nípa iṣẹ́ yín? Bàbá wò ó dé ibi tí o ti sọ pé èròjà tó ń mú kí iyèré ta lẹ́nu dín ọ̀rá kù nínú ẹ̀dọ̀ àwọn eku yín, ló bá gba fóònù, ó lọ ń fi han gbogbo àdúgbò. Kò wo ìyókù, níbi tí o ti ní àwọn èèyàn tí wọ́n dán an wò lára wọn kò tíì pọ̀, pé èsì wọn kò sì dọ́gba. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kúnwọ́ iyèré ló ń jẹ kó tó fẹnu kan tíì.

Òótọ́ ni pé ọ̀rá wà lẹ́dọ̀ tiẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ó ń lo oògùn, Dókítà sì ní àpọ̀jù iyèré lè mú kí oògùn wọ ara ju bó ṣe yẹ lọ. Òòyì ti kọ́ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Dókítà bi í pé, “Bàbá, ṣé eku ni yín ni?” Ó ní, “Ọmọ mi ló sọ ọ́. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó wá fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi.”

Mo kó gbogbo iyèré ilé pamọ́. Ló bá kọjú sí ìtàkùn tìrẹ lẹ́yìn ilé ìdáná, èyí tó gbìn nínú òjò oṣù Òkúdù lọ́jọ́ tí o lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí èso kan bá ti pọ́n lórí ṣírí, kíká ti yá. Ti ìtàkùn yẹn, kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó ní ìwọ lo máa ká a. Ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún.

Lọ́dún yìí, Bàbá ti jẹ gbogbo èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó tán. Àárọ̀ àná ni mo bá a lórí àkàbà ọparun, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Mo pariwo. Ó ní, “Rahel, fi mí sílẹ̀. Ṣé kí n má jẹ ohun tọ́mọ mi ní kí n jẹ ni? Kí ló tún ń bá mi sọ yàtọ̀ sí i?”

Mo di àkàbà náà mú títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Jọ̀wọ́, má fi fídíò mìíràn ránṣẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí o bá sọ fún un níwájú rẹ̀, á gbọ́.

Ittoop aládùúgbò wa àti ìyàwó rẹ̀ ní kí n kí ọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé àkàbà náà pamọ́ sí, mo sì ní kí wọ́n má gbé e fún ẹnikẹ́ni àfi ìwọ. Èso kan ti pọ́n lórí ṣírí tó wà lókè pátápátá. O mọ ohun tí ìyẹn ń wí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà,
Rahel.