Mo Lọ sí Káńpù Ìkirè Lórúkọ Rẹ

Apòmù,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1991.

Fúnmilọ́lá Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó lọ́hùn-ún? Ṣé ọ̀gá rẹ tí kì í jẹ́ kí o ráyè náà ń gbádùn? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, pàápàá àbọ̀, torí àlọ ni a rí, a ò tíì rí àbọ̀. Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn wọ́n rárá. Adìẹ funfun tí mo ń sìn dè ọ́ ti sàba lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní o ti forúkọ sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún Ọlọ́run ní káńpù àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ní Ìkirè, pé ò bá máa tọ́jú àwọn ọmọbìnrin kéékèèké fún ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ o ò lè wá mọ́, kí n bá ọ sọ fún Bùrọ̀dá Olúgbémi, olórí wọn. Inú mi bàjẹ́, n ò ní purọ́. Mo ti fọkàn sí i pé tí o bá dé Ìkirè, wàá yà sílé, ọdún kejì rèé tí a fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí ni màá wá lọ sọ fún wọn? Ìwọ náà mọ̀ pé tí wọ́n bá pe ilé wa sí ọ̀wẹ̀, tí ẹni tí wọ́n pè ò ráyè, ẹlòmíràn nínú ilé ló ń gbé ọkọ́ lọ. Ni mo bá di ẹrù mi, mo mú ọkọ́, mo wọ mọ́tò.

Bùrọ̀dá Olúgbémi wo ọkọ́, ó wo èmi, ó bi mí pé ṣé èmi ni Fúnmilọ́lá Afọláyan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣebí ilé kan náà ni. Ó ní ìwé ọwọ́ òun sọ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Mo ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Sìstá Edith tó ń dáná bá mi túmọ̀ fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí, mo fọwọ́ sí i, ibi tí wọ́n ní kí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí, mo tún fọwọ́ sí i, torí òbí ni mí lóòótọ́. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá o ti lọ́kọ, mo máàkì pé rárá. Ó dùn mí, mo sì fẹ́ kó dun ìwọ náà díẹ̀. Ni wọ́n bá fi píìnì gún orúkọ rẹ mọ́ mi láyà.

Iṣẹ́ yín yẹn kò kéré o. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní mo ti gbá gbogbo ọgbà kí ilẹ̀ tó mọ́, mo wá ń kí wọn, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni. Àṣé wákàtí kan wà tí wọ́n fi ń dákẹ́ jẹ́ẹ́ ka Bíbélì. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ọmọ pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n di okùn kan mú, wọ́n ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Mo bá fi ọ̀bẹ ìdáná gé okùn náà sí méjì, mo fún ìhà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ìjà lè parí. Wọ́n ní eré ni wọ́n ń ṣe. Eré wo nìyẹn?

Ọmọ kan wà níbẹ̀, Jemima, ọmọ ọdún mọ́kànlá, Ìbàdàn ló ti wá. Ọjọ́ kẹta ló bú sẹ́kún pé òun fẹ́ rí màmá òun. Mo pọ̀n ọ́n, bó ti tóbi tó yẹn, mo sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe nǹkan, pé mo mọ ẹnì kan tó ti lo ọdún méjì láì sunkún. Ó bi mí pé, "Àǹtí Fúnmilọ́lá, ṣé ẹni yẹn ò ní màmá ni?" Èmi náà bá a sunkún díẹ̀, mo ní èéfín ló kó sí mi lójú.

Lọ́jọ́ ìparí wọ́n pe Fúnmilọ́lá Afọláyan, mo dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí. Bàbá rẹ ti fi gíláàsì bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sókè àga tí o máa ń jókòó sí. N ò ní fi ránṣẹ́. Tìrẹ ni, wá mú un.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Bàbá rẹ fẹ́ ra òògùn orúnkún, bàtà mi sì já sí káńpù. Ṣùgbọ́n má fi kọ́bọ̀ rán ẹnikẹ́ni. Fi wọ mọ́tò, kí o mú ìyókù bọ̀.

Bùrọ̀dá Olúgbémi ní kí n forúkọ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ tèmi gan-an ni mo kọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo sì ti mọ̀ báyìí pé n ò ní ráyè lọ, o sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa.

Olúwa á mú ẹsẹ̀ rẹ dé ẹnu ọ̀nà wa láyọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àǹtí Fúnmilọ́lá.