Àkísà Ẹ̀yìn Garawa Màmá

                                        Ilé Kẹtàlá,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà ni bàbá wọn wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Èmi náà ń bẹ, àmọ́ inú mi bàjẹ́, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún yín.

Màmá ti wà ní ọsibítù láti ọjọ́ Ajé. Ẹ má fòyà, wọ́n ń jẹun, wọ́n tilẹ̀ ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí ìrọ̀rí. Ikọ́ tí mo sọ pé òtútù ló fà ti wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Dókítà bi mí bóyá èbu tí ọ̀rinrin máa ń fà wà lára ògiri ilé wa.

Ẹ mọ̀ pé omi tó ń hó ni Màmá fi ń wẹ̀. Nígbà tí òtútù dé, wọ́n ní atẹ́gùn fèrèsé balùwẹ̀ ń gún àwọn ní eékún. Èmi ọmọ dáadáa, mo fi pákó kàn án pa. Ooru omi ò wá rọ́nà jáde mọ́. Ògiri ń làágùn bí aláàárù, kò sì pẹ́ tí èbu dúdú fi yọ níbẹ̀, tó sì gba ara ògiri wọ yàrá wọn.

Kí ni èmi akunlé ṣe? Mo kùn ún lọ́dà. Ó tún yọ, mo tún kùn ún. Kábíńtà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, “Ṣí fèrèsé yẹn o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.” Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé kábíńtà ló fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀dà ni. Nígbà tí mo kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta, èbu ò yọ mọ́. Mo fọ́nnu títí. Ikọ́ Màmá sì ń le sí i.

Lọ́jọ́ tí mo wá kó aṣọ wọn lọ sí ọsibítù, mo rí àkísà kan lẹ́yìn garawa ìwẹ̀ wọn. Ìró aláwọ̀ ewé tí ẹ rà fún wọn ni, wọ́n ti fà á ya sí méjì, ó dúdú kirikiri. Ìyá aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì ló là mí lóye. Láràárọ̀, bí mo bá ti jáde, Màmá á gun àpótí, wọn á nu èbu náà kúrò kí n má baà rí i. Wọ́n ní kò yẹ kí ojú ti akunlé nínú ilé ara rẹ̀. Pẹ̀lú eékún yẹn! Mo jókòó sórí àpótí náà, mo sunkún bí ọmọdé. Afọwọ́fà ni, ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ti yọ pákó, mo sì ti ha ọ̀dà náà dé bíríkì. Ṣùgbọ́n dókítà ní Màmá ò gbọdọ̀ sùn síbí títí ògiri yóò fi gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ yín. Wọ́n rò pé mo ń lé wọn ni. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, àmọ́ ẹ má sọ pé mo rí àkísà náà.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti ọmọ yín, Ẹlẹ́rìn-ín kékeré. Lánàá, Màmá dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, “Ọ̀dà yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì dúró?” Mo ní, “Ó dúró, Màmá. Èbu ò yọ mọ́.” Wọ́n ní, “Ṣé mi ò ti sọ fún ọ pé ó máa dúró?” Wọ́n fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ gba ẹ̀rín náà mọ́ wọn lẹ́nu.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí ojú ń tì,
                                        Akunlé.