Ìlà Kẹta Nínú Orin Mummy

Ajé, 7 Agẹmọ 2025
Rúlà dá iṣẹ́ mi padà. (Alábòójútó iṣẹ́ àṣekágbá mi – kì í sọ̀rọ̀ láì fi rúlà lu tábìlì.) Ewì tí Mummy, ìyá ọkọ mi, máa ń kọ lórin láràárọ̀ ni mo ń tú palẹ̀:

Jí o, Abọ́dúnrìn, ilẹ̀ mọ́.
Jí o, Ọláìyá, ilẹ̀ mọ́.
Hùn-ùn-ùn…
Jí o, Rẹ̀mílẹ́kún, ilẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ wọn nìyẹn. Ọkọ mi, Rẹ̀mí, ni àbígbẹ̀yìn. Sílébù mẹ́sàn-án ní ìlà kọ̀ọ̀kan, àwítúnwí níwájú àti lẹ́yìn, ohùn òkè ló ń pa á dé. Rúlà ní ìlà kẹta da ìwọ̀n rú. "Nimat, o ò gbà á sílẹ̀ dáadáa. Tún un ṣe kó tó di Friday, àbí kó o lọ wá ewì mìíràn." Bí n kò bá yege, ọdún kan gbáko tún lọ nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 8
Mo fi ìka lu tábìlì bí Mummy ṣe ń kùn ún. Mẹ́sàn-án géérégé! Odindi ìlà ni. Mo bi Rẹ̀mí. Ó ní bí Mummy ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, kí n jẹ́ kí òun wọ bàtà òun.

Ọjọ́rú, 9
Mo ki tèmi bọ̀ ọ́: Jí o, ọmọ ire, ilẹ̀ mọ́. Ó bá ìwọ̀n mu rẹ́gí. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ fún Mummy níbi tí wọ́n ti ń mu ògì. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ta ló ní kó o fi ẹnu sí i?" Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn.

Ó wá yé mi. Ọmọ kan ti kú láàárín Ọláìyá àti Rẹ̀mí. Wọn kì í dárúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí ìyá rẹ̀. Èmi tí mo ń kàwé Yorùbá! Mo lọ fi ìka ro ojú egbò.

Ọjọ́bọ̀, 10
Mummy ò kọrin. Rẹ̀mí ní, "Kí lo ṣe fún Mummy mi?" Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹtì, 11
Orin ò sí lónìí náà. Mo pa ìlà mi rẹ́, mo fi àlàfo sílẹ̀, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: ohùn wà, ọ̀rọ̀ ò sí, ìwọ̀n ò dàrú. Rúlà kà á. Kò lu tábìlì. "Tí external tó ń bọ̀ wá dán ẹ wò bá bi ẹ́ pé kí ló fà á ńkọ́?" Mo ní n kò ní í dáhùn. Ó gba ìwé náà, kò sọ bóyá ó dáa.

Àbámẹ́ta, 12
Mummy kọrin! Wọ́n dé ìlà kẹta, wọ́n dúró, wọ́n wò mí. "Bá mi kùn ún." Mo kùn ún. Wọ́n wá fa ìlà tó kàn gùn: Jí o, Rẹ̀-mí-lẹ́-kún.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, n kò bi í rí pé ẹkún wo.

Rẹ̀mí dúró lẹ́nu ọ̀nà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. "Mummy, ṣebí ikú Bàbá Àgbà lẹ ní ẹ fi sọ mí bẹ́ẹ̀?"

Mummy bẹ̀rẹ̀ orin náà látòkè. Nígbà tó kan ìlà kẹta, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ kùn ún.