Yìgì Tí Wọ́n So Lẹ́sẹ̀ Táǹkì Omi

Bàbá mi àtàtà, ọkọ Màmá,

Mo ti lọ́kọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná kí n tó kí yín, torí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́. Yàrá ọkọ mi ní Ẹ̀jìgbò ni mo ti ń kọ̀wé yìí, lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun tí a ò tíì bó ọ̀rá kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tán, èmi nìkan ni mo wà níbí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Àlàáfíà ni Màmá wà. Orúnkún wọn kò dùn wọ́n tó ti àtijọ́ mọ́. Ewúrẹ́ yín dúdú yẹn ti bímọ, ìbejì ló bí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ wọn.

Tájù ni orúkọ ọkọ mi. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí nìyẹn nínú gbogbo ayọ̀ yìí. Ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó máa ń súfèé tó bá ń ṣiṣẹ́, bó bá sì ń jẹ ẹja, orí ló máa ń kọ́kọ́ jẹ bíi tiyín. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò ní máa jà lórí orí ẹja? Màmá ní kí n yéé pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba báyìí tí mo ti di ìyàwó. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbọ́?

Ẹ ó ti fẹ́ mọ ibi tí mo ti rí i. Ẹ rántí kànga ẹ̀rọ tí ẹ̀yin àtàwọn àgbà ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ìgbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Wọ́n ti gbẹ́ ẹ lẹ́yìn yín, wọ́n sì gbé táǹkì ńlá sórí rẹ̀, ní ẹ̀bá ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, níbi tí ẹ ti máa ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo ló ń bójú tó o, wọ́n sì fi èmi ṣe olùtọ́jú ibẹ̀ torí pé mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì lè kọ nǹkan ránṣẹ́ sí wọn. Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mò ń ro koríko ibẹ̀, èmi ni mò ń fi aṣọ tútù nu eruku lójú pánẹ́ẹ̀lì sólà.

Tájù ni wọ́n rán wá pé kó wá fi ráútà síbẹ̀. Ó ti fi irú rẹ̀ sí Masifa àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa tú rédíò wò. Àpótí irin kan ni, kò tóbi ju páálí bàtà lọ, wọ́n gbé e kọ́ òpó, òjò kò lè wọ inú rẹ̀, oòrùn kò sì rí i gbé ṣe. Síìmù méjì ló wà nínú rẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀kan bá lọ, á bọ́ sórí èkejì fúnra rẹ̀. Ó ní ẹ́ríálì gígùn tó ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí fóònù tiwa kò lè rí. Òun ló ń sọ fún wọn ní Òṣogbo bí omi ṣe kù sí nínú táǹkì, òun náà ló sì ń gbé àwòrán kámẹ́rà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lọ bá wọn, torí àwọn olè tó ń jí pánẹ́ẹ̀lì.

Lọ́jọ́ tó ń so kámẹ́rà náà, mo bi í pé wáyà iná rẹ̀ ńkọ́. Ó ní kò ní, pé wáyà kan ṣoṣo yẹn ló ń gbé iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún un pọ̀ láti inú ráútà. Mo ní irọ́ ni. Ó yọ wáyà náà, iná ojú kámẹ́rà kú. Ó tún ki wáyà náà bọ̀ ọ́, iná tàn. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo tún ní kó ṣe é sí i, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún un ṣe. Ó ní ọjọ́ yẹn lòun ti pinnu. Èmi ò tíì sọ ìgbà tèmi fún un, ẹ̀yin náà, ẹ má sọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò fi mí fọ́kọ. Nígbà tí àìsàn tó gbà yín lọ́wọ́ wa ń le sí i, tí àbúrò yín Làmídì, Bàbá Abíjàn wa, wálé wá jókòó tì yín, ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo gbọ́ tí ẹ ní àbúrò yín ni wàlí mi lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ́kọ, pé ẹnu ara wọn ni kí wọ́n fi fi mí fún ọkọ mi, kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n di ọwọ́ yín mú, wọ́n sì gbà.

Bàbá, nígbà tí ọjọ́ yìgì kù fẹ́ẹ́fẹ́, ọ̀kadà gbé Bàbá Abíjàn ṣubú lọ́hùn-ún. Wọ́n de ẹsẹ̀ wọn, wọn ò lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì láti Abíjàn wá sílé. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n yan aṣojú. Áfáà tí yóò so yìgì náà ní ẹ̀sìn gbà á bẹ́ẹ̀. Bàbá Abíjàn kọ̀. Wọ́n ní àwọn ti ṣèlérí fún ẹ̀gbọ́n àwọn, bí kò bá jẹ́ ẹnu àwọn, kí wọ́n sún un síwájú títí ẹsẹ̀ yóò fi jinná. Ìgbà wo nìyẹn yóò jẹ́? Àwọn ẹbí Tájù ti pe èèyàn. Áfáà wá ní kò burú, kí wọ́n sọ ọ́ lórí fóònù tó ń fojú hàn, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ rí ojú wọn, òun àti ẹlẹ́rìí méjèèjì sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pé, kò gbọdọ̀ já lágbedeméjì, torí ọ̀rọ̀ yìgì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ ìdajì rẹ̀.

Màmá sì ti ní ojúlé yín ni wọn yóò ti so ó, kì í ṣe Ẹ̀jìgbò. Ẹ̀yin náà mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gun ọ̀gán ẹ̀yìn ilé kí ẹ tó lè pe Abíjàn, tí ẹ máa ń pariwo débi pé Màmá á ní kí ẹ kúkú gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n á gbọ́ yín bẹ́ẹ̀ náà.

Ọjọ́ pé. Àwọn àgbà jókòó, èmi náà jókòó láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n pe Abíjàn. Bàbá Abíjàn yọjú nínú aṣọ funfun, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ń ṣe alóò, alóò. Áfáà bi wọ́n léèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀, ojú wọn dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu lílà. Wọ́n tún un pè, ohùn wá, ojú ò wá. Wọ́n tún un pè, ó já níbi orúkọ Tájù gan-an. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń rín. Àwọn obìnrin ní Abíjàn kò fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Àgbà kan nínú àwọn ará ilé Tájù wo oòrùn, ó ní bóyá Ọlọ́run kò fẹ́ kó jẹ́ òní. Fóònù Tájù náà ń ké pé bátìrì òun ń tán, kò sì sí iná nílé. Áfáà ní bó bá di àkókò ìrun, kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn.

Mo wo Tájù, ilẹ̀ ló ń wò. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ráútà ni. Mo sì mọ ìdí tó fi dákẹ́. Ilé iṣẹ́ wọn ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́. Mo dìde lórí ẹní. Ẹnì kan ní kí wọ́n dì mí mú, ìyàwó ti ń sá lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, mo ní ká lọ sẹ́sẹ̀ táǹkì.

"A ò tíì gbàṣẹ," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo la fẹ́ fi gbà á?"

Ó wò mí. Ó dìde.

Ẹ ò bá wà níbẹ̀. Màmá fúnra wọn ló lọ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Àwọn àgbà ká ẹní, wọ́n gbé e lérí, Áfáà ká etí aṣọ kúrò nínú ẹrọ̀fọ̀, àwọn tó ń se ọbẹ̀ fi ìkòkò sílẹ̀ torí wọn ò fẹ́ kó ṣojú ẹlòmíràn. A tẹ́ ẹní sábẹ́ táǹkì. Tájù ṣí àpótí, ó fi fóònù rẹ̀ gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ráútà, ó sì ki wáyà ṣáájì bọ ihò kan níbẹ̀. Fóònù yéé ké.

Kó tó pe Abíjàn, ìpè kan wọlé. Ọ̀gá rẹ̀ ní Òṣogbo ni. Kámẹ́rà ti fi wá hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ó gbàyè ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ kó sáré dé abúlé wa, èrò ti rọ́ bo táǹkì, wọ́n tiẹ̀ gbé ẹní lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ sùn síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wo ẹni tó wọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó yẹn dáadáa," ló wí. "Èmi ni."

Tájù ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má fara ti pánẹ́ẹ̀lì o, kí a máa bá ìṣe wa lọ. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé gbogbo ọ́fíìsì ló dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ń ṣọ́ wa. Àgbà tó wo oòrùn lẹ́ẹ̀kan yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún fìlà ṣe, ó kọjú sí kámẹ́rà.

Bàbá Abíjàn wá yọ. Ojú wọn mọ́ gaara débi pé mo rí òógùn lórí imú wọn. Áfáà béèrè bóyá àwọn ni wàlí mi. Wọ́n ní "dakọ́ọ̀" bí wọ́n ṣe máa ń fi Faransé gbà fún èèyàn, wọ́n sì fara balẹ̀.

"Mo fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fún Tájù ní ìyàwó, ní ìlànà Ọlọ́run àti ti Ànábì, lórí sàdáákì tó san."

Tájù ní òun gbà. Ẹlẹ́rìí méjèèjì ní àwọn gbọ́.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín?" Bàbá Abíjàn tún béèrè. "Kò já?"

"Kò já," Áfáà dá wọn lóhùn.

Wọn ò wò wá mọ́. Wọ́n gbójú sókè sí àjà yàrá wọn ní Abíjàn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi."

Màmá fi ìborùn bojú.

Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá sọ ìyẹn, kì í ṣe àwa. Tiwa dé pé. Mi ò mọ̀ bóyá tiyín dé, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ìdajì rẹ̀ lẹ ó gbọ́, ìdí tí mo fi jókòó kọ̀wé sí yín nìyẹn kí n tó dáná oúnjẹ ọkọ mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ yìí. Àbúrò yín ti jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán wọn. Gbogbo rẹ̀ pé.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ti di ìyàwó Tájù, tí inú rẹ̀ ń dùn, tó sì ṣì jẹ́ tiyín.