Fóònù Tó Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Kí Màámi

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù ọ̀hún ò le jù? Ẹsẹ̀ tó ń dun ọkọ mi ti fúyẹ́, wọ́n ti padà sídìí iṣẹ́ káfíńtà wọn. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn náà ò jò mọ́.

Ọ̀rọ̀ Màámi gan-an ni mo fẹ́ sọ. Fóònù tó o fi ránṣẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ tí oògùn wọn bá ti tó lò, ìjà ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Bó bá ti ní, "Àsìkò oògùn ti tó," Màámi á fi ìrọ̀rí bò ó mọ́lẹ̀: "Ọmọ ta lèyí? Kò kí àgbà, ó ti ń pàṣẹ!"

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ìgbà tí mo rò ó, wọ́n mà jàre! Àìsàn ìgbàgbé yìí ti gba orúkọ mi lọ́wọ́ wọn, àmọ́ kò tíì rí ẹ̀kọ́ ilé gbà. Ni mo bá pa ohùn yẹn rẹ́, mo fi tèmi sí i: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa? Ẹ jọ̀ọ́, oògùn yín ti wà lórí tábìlì."

Àbúrò mi, a ti borí! Wọ́n dá fóònù lóhùn, wọ́n súre fún un, wọ́n gbé oògùn mì. Èmi náà ti ráyè padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi.

Ọwọ́ ẹ ò ní gbẹ láé. Jọ̀ọ́, gba ohùn tìẹ sílẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ fún oògùn ìrọ̀lẹ́. Tó o bá ti kí wọn tán, dákẹ́ díẹ̀ kó o tó dárúkọ oògùn, kí wọ́n lè ráyè súre fún ẹ.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.