Ẹ̀yìn Ìjádé Tí Mo Fi Pamọ́

Ifangni,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, 2024.

Adétóun, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù ìlú òyìnbó. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun? Èmi wà láàyè. Orúnkún nìkan ló ń ṣàròyé, mi ò sì dá a lóhùn. Tíṣà Séraphin ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹnikẹ́ni kò kú. Ọ̀rọ̀ Faridatou, ọmọ àbúrò bàbá rẹ, ni mo fẹ́ sọ. Rafiou aránṣọ rán kakí ilé ìwé rẹ̀, etí aṣọ ròkè lápá kan, ó sọ̀ lápá kejì. Ó tú u, ó tún un rán, bákan náà ni. Mo bú u dáadáa. Ó ní, "Ìyá àgbà, àlùmọ́gàjí mi kò jẹ̀bi. Ẹ bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ yìí kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀." Mo wò ó. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yà sápá ọ̀tún. Ọmọ ọdún méjìlá!

Dọ́kítà ya fọ́tò eegun náà, ó bi mí bóyá irú rẹ̀ wà nínú ìdílé wa. Mo ní, "Rárá o. Ìdílé wa mọ́." Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Irọ́ ni mo pa, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kíní. Nígbà tí o rán Hugues, ẹlẹgbẹ́ rẹ lẹ́nu ìwádìí àìsàn tí a ń jogún, wá gba itọ́ wa sínú ìgò kéékèèké, ó ṣí ìwé, ó ń béèrè àìsàn bàbá, àìsàn ìyá, àìsàn àwọn tó ti kú. Ta ló ń béèrè bẹ́ẹ̀ níbí, bí kò ṣe àwọn tó ń wádìí ìdílé ìyàwó? Mo dá a lóhùn bí a ti ń dá àna lóhùn: kò sí wèrè, kò sí ẹ̀tẹ̀, kò sí abuké. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́.

Abuké wà. Ìjádé lorúkọ rẹ̀, àbúrò mi, ìyá kan, bàbá kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Bàbá wa ní ẹrù àgbàdo tí mo ń dì rù ú láti Lagbé dé Igolo ló fà á. Nígbà tí àwọn àna mi fẹ́ wá wádìí, àwọn òbí wa ní kí n mú un lọ sí abà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo lẹ máa wá mú mi?" Mo ní lọ́la. Ó lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, títí èémí fi há a láyà, ó sì kú.

O sọ fún mi lórí fóònù pé ohun tí a jogún dà bí ilé oníyàrá púpọ̀. Ilẹ̀kùn tó ṣí lára ẹnì kan lè wà ní títì lára ọmọ ìyá rẹ̀. O ní o ò tíì mọ ohun tó ń ṣí ti ẹ̀yìn. Wá a. Bó bá jẹ́ ẹrù mi ló ṣí ti Ìjádé, sọ ọ́. Má rẹ̀ mí lẹ́kún.

Lọ́túnla ni ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà Fúnláyọ̀, ẹ̀gbọ́n Faridatou, ń bọ̀ wá wádìí wa. Ìyá Fúnláyọ̀ àti Faridatou ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Ọmọ kan ló ń ṣàìsàn, ẹ má ba ti èkejì jẹ́." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́la ni mo ń lọ sọ òótọ́ fún dọ́kítà. Bí àwọn àna bá dé, Faridatou ni yóò gbé omi fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mu omi kó tó lọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìwé ọ̀mọ̀wé rẹ di irọ́ nítorí ẹnu mi. Kí ojú rẹ má fọ́ sídìí iṣẹ́. Kí o padà bá wa lórí ìdúró.

Èmi ni ìyá tó bí Adéyẹmí bàbá rẹ.
Àtàǹpàkò mi nìyí.

Àfikún: Obì wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí Hugues gba itọ́. Kó padà wá gba òmíràn. Ìjádé kò ní itọ́ mọ́. Nínú tèmi ni kí ẹ ti wá tirẹ̀.