Tíréè Tèmi àti Tíípọ́ọ̀tù Bọ́sẹ̀

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ẹgbẹ́dá níbí. Mo kí Bàbá, mo kí àwọn ìyàwó ilé. Òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, iṣẹ́ aránṣọ mi ń lọ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì ni n kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sétí gbogbo ẹbí, torí níwájú wọn ni mo ti pariwo lọ́dún Àjíǹde pé ojúsàájú lẹ fi pín ẹrù Ìyá àgbà. Ẹ fún Bọ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní tíípọ́ọ̀tù fàdákà tí òyìnbó míṣọ́nnárì fún Ìyá àgbà nígbà tí wọ́n ń dáná fún un, ẹ wá gbé tíréè fún èmi. Mo gbà pé ojúlówó ni tirẹ̀, tèmi páńda. Ọdún kan péré ló fi jù mí! Òun ló lọ́kọ, òun ló ń gbé ilé tirẹ̀ ní Ìgandò, fàdákà tún di tirẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Kí tèmi lè dán ju tirẹ̀ lọ, ojoojúmọ́ ni mo ń fi eérú àti iyanrìn fọ̀ ọ́, bí a ṣe ń fọ ìdí ìkòkò nílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo purọ́ fún Bọ́sẹ̀ pé mo fẹ́ gbàlejò, mo yá tíípọ́ọ̀tù rẹ̀. Mo kó méjèèjì lọ bá bàbá aládùúrà kan ní Ṣáṣá, tó ti ṣe kúùkù òyìnbó rí, tó sì mọ àmì abẹ́ ohun èlò fàdákà kà. Bàbá náà ní ẹyẹ kékeré tó wà nídìí méjèèjì, àmì ilé iṣẹ́ kan náà ni, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n. Lẹ́tà E.P.N.S. tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyẹ náà sì ń sọ pé irin míì ni, fàdákà kàn bò ó lójú ni. Wọ́n wá bi mí pé ta ló fi iyanrìn ha tíréè, torí fàdákà ojú rẹ̀ ti bó dànù. Ti Bọ́sẹ̀ tó ti dúdú, wọ́n ní aṣọ rírọ̀ lásán la ó fi nù ún, yóò dán.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bọ́sẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa mú tíípọ́ọ̀tù lọ, kí òun gba tíréè tó bó. Màmá, ẹ wò ó, ó tún fi ìwà jù mí! Mo gbà á ṣá, àmọ́ n kò tíì lè fi po tíì.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ bá mi kí tẹbí tará. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Bí ẹ bá ń gbàdúrà fún wa láàárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi ṣáájú ti Bọ́sẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnkẹ́